Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Ń Gba Owó Ìwọlé

Ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa òwe yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ẹni tó bá ti Ọ̀yọ́ gba ọ̀nà Ìlọrin dé ilẹ̀ Tápà, tó sùn sílé olónílé, tó jẹ oúnjẹ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí bàtà rẹ̀ já lọ́nà, tí aṣọ gbó sí i lára, ẹni bẹ́ẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti padà wálé kó ní òun rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó buké. Bí ará ilé bá ní irọ́ ni, òwe náà ni wọn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́: ìwọ tí o kò tíì kọjá odò ẹ̀yìnkùlé yín, kí lo mọ̀? Ẹ sì kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó torí ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò nílé. Ọjà ló ń ná lọ, tàbí ogun ló lé e, tàbí àna ló ń lọ kí. Ọ̀kẹ́rẹ́ kàn pàdé rẹ̀ lọ́nà ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Lóde òní, abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ti ní àdírẹ́sì. Ó ní aago tó ń ṣílẹ̀kùn àti aago tó ń tì í. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí tí o gbọ́dọ̀ dé wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, bí o bá sì pẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ ti wọlé lọ nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ń lọ wò ó ló ti rí i tẹ́lẹ̀ nínú fóònù. Wọ́n ti rí iké rẹ̀, wọ́n ti rí ìrù rẹ̀, wọ́n mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí. Ohun tí wọ́n ń bá lọ kò ju kí wọ́n rí i dájú pé ó ṣì wà níbẹ̀, kí ojú tiwọn náà sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò lọ wòran mọ́. Wọ́n ń lọ jẹ́rìí ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìyá Ìbejì, tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má wulẹ̀ máa wá ẹni tí mò ń bá wí; wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì ní tiyín nínú ẹbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, ṣíìfù òru lé ṣíìfù òru. Nínú ìsinmi tí wọ́n fún un lọ́dún, ìsìnkú bàbá ọkọ ti jẹ tirẹ̀, ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ n'Íbàdàn ti jẹ tirẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ. N kò bá a wí o. Ẹni tó ń fi gbogbo òru yí arúgbó láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ́tọ̀ọ́ sí afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn Dettol. Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló gbé e dìde. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ sí Pisa ní Ítálì lóṣù tó kọjá, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp láràárọ̀. Ó tó kéèyàn dìde.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì ṣì ń lo ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé tiwa, irú ìrìnàjò yìí gba kó kó ìwé báǹkì oṣù mẹ́ta jọ, kó gba lẹ́tà níbi iṣẹ́, kó fi ìwé hòtẹ́ẹ̀lì lé e, kó lọ tẹ̀ka fún físà Schengen, kó wá máa gbààwẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, ìgbà yẹn gan-an ló rìn jìnnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní báyìí ó ti gba aláwọ̀ búlúù, ó kàn dìde ni. Bọ́ọ̀sì òru ló gbé òun àti ọkọ rẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú Stansted. Nítorí pé báàgì tí kò bá wọ inú férémù irin tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, owó ni, ẹ̀wù mẹ́ta ni Ìyá Ìbejì wọ̀ lé ara wọn. Èyí tó wà lókè pátápátá, àdìrẹ ni, òun àti ọkọ rẹ̀ sì jọ rán an ní ankò ni, torí fọ́tò. Ètò ti wà nílẹ̀: Pisa láàárọ̀ Sátidé, Florence lọ́sàn-án, bàálù padà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ó lè bá ṣíìfù alẹ́.

“Bàbá Ìbejì, ẹ má gbàgbé o, aago mọ́kànlá ni tíkẹ́ẹ̀tì wa.”

“Kí la fẹ́ wò gan-an?”

“Ilé tó wọ́ yẹn.”

“Kò tíì wó?”

Ìbéèrè bàbá yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀ rárá. Ilé tí wọ́n ń lọ wò, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni, agogo méje ló wà lókè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀ rò pé ńṣe ni wọ́n kọ́ ọ kó lè máa wọ́. Ọdún 1173 ni àwọn ará Pisa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi wọn ń ná gbogbo èbúté òkun Mẹditaréníà, tí owó sì ń wọlé fún wọn gan-an. Òkúta mábù funfun ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ tàn wọ́n jẹ. Amọ̀ àti iyanrìn tí odò gbé wá ni, ó rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ní nǹkan bí ọdún 1178, ilé ti ń tẹ̀. Ogun dé, iṣẹ́ dúró, ó sì dúró fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé ìdádúró yẹn ló gba ilé náà là: ká ní wọ́n kọ́ ọ lọ láìsinmi ni, ìbá ti wó tipẹ́, torí ìsinmi yẹn ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi ráyè le. Ẹ rí i bí ìfàsẹ́yìn ṣe ń ṣeni lóore nígbà mìíràn. Bí kọngílá tiwa ni, á ti gba owó tó kù, á sì ti kọ́ ọ parí kó tó wó.

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1272, àwọn kọ́lékọ́lé wo ilé tó ti tẹ̀, wọ́n ní kò sí wàhálà. Wọ́n jẹ́ kí ògiri ìhà tó rì ga ju ti ìhà kejì lọ díẹ̀ ní àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kù, kí orí ilé lè padà dúró ṣánṣán. Ilé túbọ̀ tẹ̀ nídìí, wọ́n sì ń nà án lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ wá ká. Kì í ṣe pé ó tẹ̀ nìkan, ó buké. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ yóò rí iké náà kedere. Ìgbà tí wọ́n fi gbé yàrá agogo lé e lórí, ó ti di nǹkan bí ọdún 1372, igba ọdún lẹ́yìn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wo iké yìí sàn. Ní 1934, ìjọba Mussolini ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n lu ihò lọ́tùn-ún lósì sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí i, ilé náà sì túbọ̀ tẹ̀. Ní 1989, ilé gogoro àtijọ́ kan wó lójijì ní ìlú Pavia, ó pa ènìyàn mẹ́rin, ara gbogbo Ítálì bù máṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1990 wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé Pisa. Wọ́n kó òjé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù, jọ sí ìhà àríwá rẹ̀ láti fi tẹ̀ ẹ́ padà. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó burú lójú. Ní 1995 wọ́n tún fẹ́ sọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ di yìnyín kí wọ́n lè gbẹ́ ibẹ̀, ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lóru, wọ́n sáré dáwọ́ dúró. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ kò le lójú rárá. Wọ́n fi ọ̀pá gbẹ́ erùpẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìhà àríwá, ìhà tí ilé kò tẹ̀ sí, kí ibẹ̀ náà lè rì. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Burland ti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí Ìyá Ìbejì ń gbé gan-an, wà nínú àwọn tó ṣe é. Láàárín 1999 sí 2001, ilé náà padà sẹ́yìn ní ìdajì dígírì, orí rẹ̀ sì kúrò níbi tó wà pẹ̀lú ohun tó lé ní ogójì sẹ̀ǹtímítà.

Wọ́n bá dúró níbẹ̀. Wọ́n ṣírò pé ìdajì dígírì ti tó kí ilé má wó fún igba ọdún ó kéré tán. Wọ́n ti wá mọ oògùn iké o, wọ́n ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé ẹnìkan ní Pisa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo ìyókù. Àwọn náà gbọ́n. Ilé agogo tó dúró ṣánṣán pọ̀ ní Ítálì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba nǹkan bíi ogún yúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn wọn. Bí ẹ bá wo abuké sàn tán, kí lẹ fẹ́ máa jẹ?

Pápá koríko tí ilé náà wà lórí rẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ń pè ní Pápá Iṣẹ́ Ìyanu. Ìyá Ìbejì gbọ́ orúkọ yìí, ó ní àmín. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, iṣẹ́ ìyanu ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọgọ́rọ̀ ènìyàn dúró, apá nínà, àtẹ́lẹwọ́ ṣíṣí, wọ́n ń ti afẹ́fẹ́. Ará Kòríà ń tì í, ará Bràsíl ń tì í, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti Jámánì fi ẹ̀yìn gbé e ró, ọkùnrin kan dúró lórí òkúta kúkúrú tí wọ́n fi ṣe ọgbà, ó gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá ilé náà ní ìpá. Nínú fóònù, gbogbo wọn ni akọni tó ń gba ilé lọ́wọ́ wíwó. Ṣùgbọ́n ẹ kúrò níwájú wọn, ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ilé náà kò ti sí lẹ́yìn wọn. Ohun tí ẹ ó rí ni àgbàlagbà tí orí wọn pé, lọ́pọ̀ yanturu, tí kálukú wọn ń bá ẹni tí kò sí jà.

Ẹni tó ń tì í ṣì ń gbádùn. Ẹni tó ń yà á ni kí ẹ ṣàánú.

“Sún sí ọ̀tún díẹ̀. Ọ̀tún tèmi o, kì í ṣe tìẹ.”

“Ṣé ó ti kan ọwọ́ mi?”

“Ó kù díẹ̀. Bó o ṣe ṣe yẹn, ó dà bí ẹni tó ń tọrọ owó.”

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, Bàbá Ìbejì. Ẹ tẹ ẹ̀yìn. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Orí agogo yẹn ò gbọdọ̀ gé.”

Bàbá tẹ ẹ̀yìn, ó tẹ ọrùn, ó fi eékún kan kanlẹ̀, ó fi ìgbáròkó gbé ìyókù. Lọ́tùn-ún rẹ̀ àti lósì rẹ̀, àwọn ọkọ àti ọ̀rẹ́ àti bàbá àgbà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé tẹ̀ bákan náà. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ kankan bá wà lórí igi lẹ́yìn odi ìlú lọ́jọ́ yẹn, ó rí abuké títí ó fi sú u, kò sì rìn jìnnà rárá.

Ìṣísẹ̀ díẹ̀ síbi tí wọ́n dúró sí, nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti kàtídírà, ẹranko idẹ kan wà níbẹ̀. Orí ẹyẹ ló ní, ara kìnnìún, ìyẹ́ apá ní èjìká, wọ́n sì fín lẹ́tà Lárúbáwá yí i lára ká, lẹ́tà tó ń tọrọ ìbùkún fún ẹni tó ni ín. Oníṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí ló rọ ọ́, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ilẹ̀ tó ti wá. Bó ṣe wù kó dé ọwọ́ àwọn ará Pisa, wọ́n gbé e gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹranko Mùsùlùmí sì ń ṣọ́ ilé Ìjọ Àgùdà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, títí di 1828 tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ló wà lókè báyìí. Bí ọ̀rọ̀ ká rìn jìnnà ká rí ẹranko àrà bá jẹ́ òótọ́, kí ló tún kù? Ìyá Ìbejì kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé náà nígbà tó ń wá ilé ìtọ̀, ó kọjá níbẹ̀ nígbà tó ń bọ̀.

Nínú ilé ìrìbọmi tó wà lórí pápá kan náà, òṣìṣẹ́ kan máa ń ti ilẹ̀kùn lóòrèkóòrè, á ké ohùn kan, á ké òmíràn lé e, òrùlé yóò gba gbogbo rẹ̀ jọ, ẹnu ẹyọ ẹnìkan á wá di ẹgbẹ́ akọrin. Kò ṣeé yà ní fọ́tò. Ìyẹn ni pé kò sí.

Ìtẹ́ òkú wọn, Camposanto, wà lẹ́yìn kàtídírà níbẹ̀. Ogun dáná sun òrùlé rẹ̀ ní oṣù keje 1944, òjé tó bò ó yọ́ ṣàn sára àwòrán ògiri, wọ́n sì ń tún àwòrán ọ̀hún ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ère ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ ká dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀: Leonardo ará Pisa, tí ayé ń pè ní Fibonacci. Bàbá rẹ̀ ń bá àwọn oníṣòwò Pisa ṣiṣẹ́ níbi owó ibodè ní Bugia, ìlú èbúté kan ní etíkun Áfíríkà, ní ilẹ̀ Àlùjíríà òde òní, ó sì ní kí ọmọ òun wá bá òun níbẹ̀. Ọmọ débẹ̀, ó rí ohun tí kò sí ní Pisa. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń fi àmì mẹ́sàn-án àti òdo ṣírò, ọgbọ́n àwọn ará Íńdíà tó gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá kọjá, nígbà tí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣì ń to lẹ́tà Róòmù jọ. Ó tẹ̀ síwájú dé Íjíbítì, ó dé Síríà, ó dé ilẹ̀ Gíríìkì àti Sísílì, iṣẹ́ òwò àti ìṣirò ló ń bá kiri. Ní 1202 ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé Liber Abaci. Ẹni tó rìn jìnnà nìyẹn. Iké ọ̀kẹ́rẹ́ tó sì rí mú bọ̀ ni òdo, ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wa: 20 yúrò, aago 11:00. Etíkun Áfíríkà ló ti gbé e wá. Àwọn ọmọ Áfíríkà méjì nínú àdìrẹ wá dúró ní ìta ibi tí ère rẹ̀ wà, wọ́n ń ti afẹ́fẹ́.

Ká tiẹ̀ ní ilé tó tẹ̀ nìkan ló wù wọ́n wò. Ní Pisa kan náà yìí, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì San Nicola tẹ̀, kò jìnnà sí odò Arno. Ti San Michele degli Scalzi náà tẹ̀, ó tẹ̀ débi pé ojú rí i láìfi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ kan náà ló tan gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń na apá sí wọn. Ní Suurhusen ní Jámánì, ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan wà tó tẹ̀ ju ti Pisa lọ, dígírì 5.19, ìwé Guinness sì ti gbà fún un. Ta ni nínú yín tó mọ ẹni tó ti lọ? Abuké nìkan ò tó nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ abuké tí ẹni ibi iṣẹ́ rẹ ti yà.

Níbi tí iké kò bá sì sí, wọ́n á rán an mọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Ẹ lọ sí Verona, wọn á mú yín lọ síbi báńkónì tí Juliet dúró sí tó ń bá Romeo sọ̀rọ̀. Inú eré oníṣe ni Juliet ń gbé. Ilé náà ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní báńkónì. Ẹ̀yìn 1930 ni wọ́n kó òkúta àtijọ́ jọ láti fi báńkónì kan lẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe fún àlejò. Wọ́n gbé ère idẹ Juliet sábẹ́ rẹ̀. Àlejò ní ẹni tó bá di ọmú ère náà mú yóò rí ìfẹ́, wọ́n ń dì í mú títí ó fi sán, ní 2014 wọ́n gbé e kúrò, wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀dà ère ọmọ tí ìyá kan ò bí, lábẹ́ báńkónì tí kò sí nínú ilé, ìlà sì gùn dé títì.

Mo fẹ́ràn ti Paris jù. Ní oṣù kẹjọ 1911, Vincenzo Peruggia jí àwòrán Mona Lisa gbé kúrò ní Louvre. Nígbà tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn, èrò ya wá láti wo ògiri. Ògiri òfìfo ni o, àti ìṣó tí wọ́n fi gbé àwòrán kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tò kọjá níwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wo àwòrán ọ̀hún rí nígbà tó wà níbẹ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá iké tó dára ju ìyẹn lọ wà. Àwọn yẹn ṣì wo ògiri náà pẹ̀lú ojú tiwọn.

Fẹ́nísì ní tirẹ̀ ti sọ ìlú di ilé ìran pátápátá. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, yúrò márùn-ún nígbà náà, láwọn ọjọ́ kan, lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ̀lú lójúmọmọ tí kò ní sùn. Ní 1951, nǹkan bíi 175,000 ènìyàn ló ń gbé ní àárín ìlú àtijọ́ náà. Ní báyìí wọn ò tó 50,000. Láìpẹ́, ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni yóò kù níbẹ̀, òun náà yóò sì máa ti òdìkejì omi wọ ọkọ̀ wá síṣẹ́. Ní Barcelona, ọ̀rọ̀ ti kọjá tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù keje 2024, àwọn ará ìlú tí owó ilé ti lé kúrò ní àdúgbò wọn fi ìbọn omi ọmọdé yin àlejò tó ń jẹun létí títì. Omi lásán ni, wọn ò tíì wá òkò.

Ìyá Ìbejì ò gbọ́ ìròyìn yẹn, ó ń fi fóònù wá ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Florence. Ọkọ rẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu.

“Wọ́n ní ìlú ọlọ́kọ̀ ojú omi nibí. Òkun wọn dà?”

Òkun ti sá. Láyé ijọ́un, Pisa fẹ́rẹ̀ẹ́ wà létí omi, ṣùgbọ́n Arno ń gbé erùpẹ̀ wá lọ́dọọdún, ó ń da á sẹ́nu òkun, òkun ń fà sẹ́yìn, títí ó fi di ìrìn bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì náà wà, Marina di Pisa ló ń lọ. Ibi tí odò ti wọ òkun níbẹ̀, àwọn apẹja kọ́ ahéré onípákó sórí òpó, wọ́n gbé àwọ̀n onígun mẹ́rin tó gbòòrò ju yàrá lọ kọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n á sọ̀ ọ́ sínú omi, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ẹ̀rọ fà á gòkè, ẹja á máa fò láàárín rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá Ìbejì. Àwọ̀n kì í ṣe ohun àjèjì sí i, irú èyí ni kò rí rí.

“Òkun kan náà ni, Bàbá Ìbejì,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ ò ti rí òkun ní Bar Beach?”

Bar Beach tó ń wí yẹn, wọ́n ti da iyanrìn dí i, Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Òkun méjèèjì ló ti sá fún ọkùnrin yìí.

Ní ọ̀nà tó jáde kúrò ní pápá náà, àwọn ọmọ Senegal to aago, báàgì, agboòrùn àti ilé Pisa kéékèèké sílẹ̀ lórí aṣọ. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan. Mẹ́wàá, ọ̀gbẹ́ni náà wí. Méjì, Ìyá Ìbejì wí.

“Áà, sístà. Nàìjíríà ni yín?”

“Lọ́ńdọ̀nù.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba márùn-ún. Láàárín ìgbà tí wọ́n fi ń ná an, ó ti bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ Wolof, ó fi Faransé dá obìnrin kan lóhùn, ó fi èdè Ítálì bẹ ọlọ́pàá, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ta ọjà. Bóyá aṣálẹ̀ ló gbà wá ni o, bóyá ojú omi ni, bóyá físà ni, bóyá ó ti sùn sílé olónílé lọ́nà, ẹnikẹ́ni ò bi í. Nínú gbogbo èrò tó wà lórí pápá yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni òwe àwọn àgbà ń bá wí, àwọn èèyàn sì ń bi í ní iye tí agboòrùn jẹ́. Bàbá Ìbejì na fóònù sí i pé kó jọ̀ọ́ bá àwọn méjèèjì yà. Ó gba fóònù, kò bẹ̀rẹ̀, kò tẹ ẹ̀yìn, ó rìn sẹ́yìn díẹ̀, ó ní kí ìyáàfin gbé àtẹ́lẹwọ́ wálẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì bá ògiri mu rẹ́gí. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é.

Nínú bàálù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ìbejì ṣí fọ́tò náà, ó fọwọ́ kan ibi tí fóònù ti ń tún àwòrán ṣe fúnra rẹ̀ kí àdìrẹ lè tàn. Fóònù wo ilé tó tẹ̀, ó rò pé ọwọ́ ẹni tó yà á ló gbọ̀n, ó bá na ilé náà ṣánṣán. Ohun tí Mussolini ò rí ṣe, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi sílẹ̀, ó ṣe é kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Kàtídírà tó wà lẹ́yìn ló wá dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ sì ń ṣubú lọ nínú ankò, ọwọ́ nínà. Oorun ń kùn ún, kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó kàn gbé e sórí WhatsApp bí bàálù ti ń balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ fèsì.

“Ẹ kú oríire ilé tuntun o! Ó dúró dáadáa, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e pẹ́. Ṣùgbọ́n kí lẹ̀yin méjèèjì mu?”